Lupus àti ooru Ado yìí: báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Olùkọ́_Ado
Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí láìfèsì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ló lé mi síta.

Olùkọ́ ni mí ní Ado. Ọdún kẹta rèé tí dókítà ti sọ pé lupus ló ń ṣe mí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n máa bá kòkòrò jà, tèmi ti yí ojú ìbọn padà sí onílé. Wọ́n á bá oríkèé jà lónìí, wọ́n á bá awọ jà lọ́la. Mò ń lo hydroxychloroquine lójoojúmọ́ pẹ̀lú prednisolone díẹ̀, oògùn méjì tó ń rọ àwọn ọmọ ogun yẹn lójú. Láti oṣù kẹsàn-án títí dé ọdún tuntun, ara mi balẹ̀ débi pé mo gún iyán fún àlejò méje nígbà Kérésì.

Oṣù kejì wọlé, gbogbo rẹ̀ dàrú. Lọ́jọ́ Rú, a tò síta fún àsẹ́ńbìlì, ọ̀gá wa ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tí kò ní í sọ ọ́ mọ́ láyé, oòrùn sì ti yọ dáadáa. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó ní ká wọlé. Ojú mi ṣú, òpó àsíá ni mo dì mú. Nígbà tó fi máa di alẹ́, pupa tó máa ń nà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan gba orí imú lọ sí èkejì bí ìyẹ́ labalábá ti jáde. Ìdérí ìgò omi kò ṣeé ṣí fún mi. Lọ́jọ́ kejì, n kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ilé gan-an kò sàn. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo gbà, páànù lásán ló wà lórí yàrá, kò sí sílìn. Bí iná bá wà, fáànù á máa pín ooru kiri. Bí kò bá sí, mo máa ń rẹ ìró sómi, mo máa ń fi bora sùn.

Ṣé ooru ló ń ṣe èyí, àbí oògùn ni kò ràn mí mọ́? Báwo lẹ̀yin tí ẹ ní irú àìsàn yìí ṣe ń la oṣù kejì àti ìkẹta já? Báwo ni kí n sì ṣe sọ ọ́ fún ọ̀gá mi tí kò fi ní í pè mí ní ọ̀lẹ? Mo ti gbọ́ ọ nínú yàrá olùkọ́ pé ọmọ àgbẹ̀ wo ni oòrùn wá ń pa láyé yìí.

ÌyáBùnmi_Ìkẹ́rẹ́
Ọjọ́ Àìkú, 9:15 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Olúwa á gbé ọ dìde.

Tèmi yàtọ̀ o. Àrùn oríkèé tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà ni tèmi, ọdún 11 nìyí. Ooru kì í ṣe mí ní nǹkan kan. Ọyẹ́ lọ̀tá mi! Láàárọ̀ oṣù Kejìlá, bí atẹ́gùn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí Olósùnta, ìka mi á le bí igi ìdáná, ọmọ ló máa ń bá mi de bọ́tìnnì. Ìgbà tí ooru bá dé ni mo máa ń rọ̀.

Máa jókòó síta láàárọ̀ kí oòrùn ta sí ọ lára fún bíi wákàtí kan. Fítámì wà nínú rẹ̀, oríkèé á sì rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó
Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Mọ̀mí Ìkẹ́rẹ́, ẹ má bínú. Ohun tó dára fún oríkèé yín lè gbé arábìnrin yìí dé wọ́ọ̀dù. Tíṣà, ẹ má jókòó síta o.

Ọ̀rọ̀ méjì là ń pò pọ̀. Oòrùn lọ̀kan, ooru lèkejì.

Oòrùn ló kọ́kọ́ ń bá onílupus jà. Kì í ṣe gbígbóná rẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò rí ni, èyí tí wọ́n ń pè ní ultraviolet. Ó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì inú awọ. Tara gbogbo wa ló ń pa, ṣùgbọ́n bí ara onílupus bá rí òkú wọ̀nyẹn, á fi wọ́n pe ọ̀tá, á gbé ogun dìde. Ìdí nìyí tí pupa ojú yín fi dúró di alẹ́ kó tó yọ. Ó tiẹ̀ lè dúró di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá máa dá ẹ̀bi fún ẹja tí ẹ jẹ. Kùrukùru kò dá ìtànṣán yìí dúró pátápátá, nítorí náà ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú kì í ṣe ọjọ́ àìbò orí. Ó ń ta padà láti ara sìmẹ́ǹtì àti yanrìn. Gíláàsì fèrèsé ń dá apá kan rẹ̀ dúró, ó ń jẹ́ kí apá kan wọlé, ẹ má máa jókòó síhà oòrùn nínú ọkọ̀ Ado sí Ìbàdàn.

Aṣọ alápá gígùn tó hun dáadáa, akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀, agbòjò. Kí ẹ sá fún ìta láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìpara tó ń dènà oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kẹ́ ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì bí ẹ bá wà níta. Ẹni tó bá sọ pé aláwọ̀ dúdú kò nílò rẹ̀, ẹ ní kó wá sí kílíníìkì wa. Nínú onílupus mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló ń jẹ́ obìnrin, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ.

Ooru ní tirẹ̀ kò nílò kí oòrùn rí yín. Bí ara bá gbóná, ọkàn á máa sáré kó lè gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ, òógùn á máa dà. Ẹni tí àárẹ̀ ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní agbára yẹn ní ìpamọ́. Òógùn gan-an kọ́ ló ń tu ara, gbígbẹ rẹ̀ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún ọ̀rinrin bíi ti ìparí oṣù kejì yìí, òógùn á kàn máa ṣàn ni, kò ní í gbẹ. Ṣé ẹ rántí oṣù kejì 2024, ọ̀sẹ̀ tí Côte d'Ivoire gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Super Eagles? Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣírò ooru ọlọ́rinrin ìgbà yẹn ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní ayé tó ń gbóná ti jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣeé ṣe ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti àtijọ́, ó sì fi nǹkan bí ìwọ̀n 4 sẹ́ńtígírédì kún un. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé bó ṣe ń rí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyí, kò parọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán.

Ohun kan kù. Bí ara yín bá gbóná nínú oṣù yìí, ẹ má kàn sọ pé ooru ni, ẹ má sì kàn gbé oògùn ibà mì. Ẹ ṣe àyẹ̀wò. Prednisolone máa ń bo àrùn mọ́lẹ̀, ara lè má gbóná tó bó ṣe yẹ, kí nǹkan sì ti bàjẹ́ nísàlẹ̀.

ÌyáBùnmi_Ìkẹ́rẹ́
Ọjọ́ Àìkú, 10:20 alẹ́

Ah, n kò mọ̀. Ọmọ mi, má jókòó síta mọ́ o. Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ni mo mọ̀ ní tèmi.

Ìlera_Àdáyébá
Ọjọ́ Ajé, 6:11 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Gbogbo àìsàn yìí kò le. Àgbo wa ń gbé ọmọ ogun ara dìde, ó ń fún wọn lágbára ìlọ́po ìlọ́po. Ìgò kan 7,500 náírà, bí ẹ bá ra mẹ́ta a ó dín in fún yín. Kẹ́ ẹ sì jáwọ́ nínú prednisolone, òun ló ń wú yín lójú.

Apòògùn_Òkèṣà
Ọjọ́ Ajé, 7:48 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n alágbo, ẹ tún ohun tí tíṣà kọ kà. Ó ní àwọn ọmọ ogun ti yí ìbọn sí onílé. Ẹ wá fẹ́ bá wọn ra ọta sí i?

N kò kẹ́gàn ewé àti egbò, ìyá tó bí mi ń tà á lọ́jà Ọba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ prednisolone tí ẹ sọ yẹn lè pa èèyàn. Ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ara rẹ̀ ti dẹ́kun ṣíṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá já a lójijì, ìfúnpá lè wálẹ̀, kó ṣubú, pàápàá nínú ooru tí omi ti dín kù lára. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń dín in. Bí ẹ bá ń bì tó bẹ́ẹ̀ tí kò dúró nínú, ilé ìwòsàn lẹ ń lọ.

Tíṣà, ìbéèrè kan: kí lẹ ń lò fún ìrora oríkèé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí? Mo ń bi yín nítorí pé ìbùpírófẹ́ẹ̀nì àti díkílófẹ́náàkì ló wà ní gbogbo kẹ́míìsì. Bí omi bá ti gbẹ lára, kíndìnrín ń fi agídí fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Oògùn wọ̀nyí ń já ọwọ́ tó fi ń fà á. Lupus náà sì fẹ́ràn kíndìnrín. Kí àwọn méjèèjì pàdé nínú ooru kò dára.

Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní Septrin bí ẹ bá ní ọ̀fìnkìn tàbí inú rírun. Ẹbí oògùn yẹn máa ń jí lupus dìde, ó sì ń jẹ́ kí awọ tètè gba ìyà oòrùn. Doxycycline náà ń ṣe ti oòrùn yẹn.

Hydroxychloroquine, ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá a dúró nítorí pé "kò ṣiṣẹ́". Kì í ṣe ibà ni ẹ ń lò ó fún. Òun ló ń dín iye ìgbà tí àìsàn ń sọjí kù. Kẹ́ ẹ máa jẹ́ kí oníṣègùn ojú yẹ̀ yín wò lóòrèkóòrè, torí bó bá pẹ́ lára ó lè kan ẹ̀yìn ojú. Kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò lórí fèrèsé àti nínú báàgì tó ń wà nínú ọkọ̀. Ẹ ka ara páálí: èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn, ìwọ̀n 25 tàbí 30 ni wọn kò fẹ́ kọjá. Lábẹ́ páànù lásán lọ́sàn-án, yàrá yín ti kọjá rẹ̀.

Àkàndé_Ìjerò
Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àbúrò mi kún un, ó yàtọ̀ sí lupus, ṣùgbọ́n ooru ló ń dà á láàmú jù nínú gbogbo wa.

Multiple sclerosis ni. Ara rẹ̀ ń jẹ èèpo tó bo iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí ara, bí ìgbà tí eku bá bó ara wáyà iná. Wáyà náà kò já, ṣùgbọ́n iná ń ṣe ségesège. Bí ara rẹ̀ bá fi ìdajì ìwọ̀n kan péré gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, ojú òsì á ṣú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí i, iyán ló ń gún. Ọ̀sán Sátidé, nínú ilé ìdáná tí èéfín ti kún. Ó dúró, ó ní "Bọ̀dá, n kò rí inú odó mọ́." A rò pé eré ni. A gbé e lọ sábẹ́ igi ọsàn, a da omi sí i lórí, láàárín bí ìdajì wákàtí ó tún ríran. Ìyá wa ní ayé ni. Ọdún méjì la fi ń káàkiri ilé àdúrà kí ẹnìkan tó ní ká lọ ya àwòrán ọpọlọ.

Dókítà wá sọ fún wa pé oníṣègùn ojú kan ní Jámánì, Uhthoff, ti ṣàkọsílẹ̀ irú rẹ̀ láti 1890: àwọn tí ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ agbára. Ó tiẹ̀ ní láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi èèyàn sínú omi gbígbóná láti mọ̀ bóyá àrùn yìí ló ní! Ohun tó fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni pé ooru kì í fi kún àrùn náà fúnra rẹ̀. Bí ara bá ti tutù, ohun tó lọ á padà. Bí kò bá padà láàárín ọjọ́ kan, nǹkan mìíràn ló dé, ẹ lọ wò ó.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí: ẹ̀gbọ́n wa kan fi ìfẹ́ gbé e lọ sí Ìkógòsì kó lọ rì sínú omi gbígbóná "kí iṣan lè tú". Àwa ọkùnrin mẹ́ta la gbé e jáde. Ohun tó ń tu ìyá Bùnmi lára lè gbé ẹlòmíràn ṣubú.

Ọmọ_Ìkógòsì
Ọjọ́ Ajé, 2:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ má ba ọjà wa jẹ́ o 😂. Omi tútù àti omi gbígbóná jọ ń ṣàn níbẹ̀ ni. Gbígbóná ń jáde láti orísun tirẹ̀. Ibi tó ti pàdé tútù ló ti ń rọlẹ̀. Ìhà tútù ni kí ẹ gbé àbúrò lọ nígbà mìíràn. Ẹ bá mi kí i.

Ìpéǹpéjú_Ìlawẹ̀
Ọjọ́ Ajé, 3:40 ọ̀sán

Myasthenia gravis ni tèmi, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà tí ẹran ara kì í fi í gbọ́ àṣẹ dáadáa mọ́, ooru ń ṣe é bákan náà. Láàárọ̀ ojú mi là. Bó bá di aago méjì ọ̀sán, ìpéǹpéjú òsì á wálẹ̀ bí kọ́tìnnì, ẹran á máa le lẹ́nu mi láti jẹ. Mo máa ń ra omi ọ̀rá tó ti dì, mo máa ń fi aṣọ wé e, mo máa ń gbé e lé ojú fún ìṣẹ́jú méjì, ìpéǹpéjú á gòkè. Dókítà tó kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò fi yìnyín ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ níṣojú mi. Oúnjẹ tó le, àárọ̀ ni mo ń jẹ ẹ́.

Káfíńtà_Ẹ̀fọ̀n
Ọjọ́ Ajé, 8:55 alẹ́

N kò mọ nǹkan kan nípa oògùn, òrùlé ni mo mọ̀. Ẹ̀yin ará Ado, ẹ kó kúrò lórí òkè, ẹ lọ kọ́lé páànù sínú kòtò, ẹ tún wá gé gbogbo igi. Ní Ẹ̀fọ̀n tiwa, a ṣì ń da aṣọ bora.

Tíṣà, ẹ ní kò sí sílìn. Ẹ bẹ onílé, kẹ́ ẹ ní ẹ ó san án kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé. Sílìn PVC tàbí pákó, ẹ má lo ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àlòkù kankan tí wọ́n bá ní àwọn ní i nílé, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé ní ìhà méjèèjì, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ẹyẹ. Láìsí ihò yẹn, ooru á kàn jókòó láàárín páànù àti sílìn, ilẹ̀ á ṣú, á máa rọ̀ lé yín lórí títí di aago méjìlá òru.

Bí onílé bá kọ̀, ẹ kun páànù ní ọ̀dà funfun. Páànù tó ti dípẹtà ń mu ooru. Èyí tó funfun ń dá púpọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ ti fèrèsé, ẹ fa kọ́tìnnì tó nípọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ìta tutù ju inú lọ, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀. Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe: wọ́n á ṣí i lọ́sàn-án kí "atẹ́gùn" wọlé, iná ló ń wọlé.

Bí fáànù kò bá tutù, ẹ ra èyí tó tóbi.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó
Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Gbogbo ti òrùlé yẹn dára, ó yẹ kí n pè yín wá sílé mi. Ti fáànù ni mo fẹ́ tún ṣe. Fáànù kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù, afẹ́fẹ́ tó bá ló ń fẹ́. Bí yàrá bá ti ju ìwọ̀n 40 lọ, ó ń fi ooru kún ara ni. Nílẹ̀ yìí, abẹ́ páànù lásán lọ́sàn-án lè débẹ̀, bí ìta kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Kí ẹ rẹ ara lómi kẹ́ ẹ tó dúró síwájú fáànù. Aṣọ tútù sí ọrùn, abíyá àti ọrùn ọwọ́, ẹsẹ̀ nínú bàsíà omi. Omi tó tutù díẹ̀ ni, kì í ṣe ti yìnyín, kí ara má bàa gbọ̀n.

Ìdòwú_Ìkọ̀lé
Ọjọ́ Ajé, 10:10 alẹ́

Gbogbo àlàyé yìí pọ̀ jù. Omi! Lítà márùn-ún lójúmọ́, ẹ fi iyọ̀ sí i, kò sí ooru tó máa pa yín. Bí a ṣe ń ṣe é ní páárádì nìyẹn.

Apòògùn_Òkèṣà
Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

Ẹ̀yin ni ẹ wà ní páárádì, kíndìnrín yín pé. Nínú àwọn tó ní lupus, àwọn kan wà tí kíndìnrín wọn ti kan, tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí dókítà ti ka omi fún. Lítà márùn-ún lè rì wọ́n. Iyọ̀ ńkọ́? Prednisolone fúnra rẹ̀ ń fa omi àti iyọ̀ dúró lára, ó ń gbé ìfúnpá sókè. Ẹni tí kò bá ní òfin omi, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kó máa wo àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá ti pọ́n bí epo, omi kò tó. Bó bá ń hó bí ọṣẹ, kó lọ ṣe àyẹ̀wò, ìyẹn kì í ṣe ti omi.

Ìdòwú_Ìkọ̀lé
Ọjọ́ Ajé, 10:40 alẹ́

Mo gbà. Ẹ má bínú.

ÌyáAyọ̀_Òmùò
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án ni ìtọ̀ ṣúgà irú èyí tí ara fi ń pa ibi tó ń ṣe ínsúlínì. Wọ́n ní òun náà wà nínú ẹbí àìsàn tí ẹ ń sọ. Ooru kò ba ọmọ náà jẹ́, oògùn rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí, ìwọ̀n 2 sí 8 ló fẹ́. Iná wa ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mò ń ṣe: ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ńlá, yanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji. Olùkọ́ kan láti òkè Ọya, Mohammed Bah Abba, gba ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000 lórí irú ìkòkò yìí, fún ẹ̀fọ́ àti èso. Èyí tí a ti ṣí ló ń wà níbẹ̀, inú ike tó dé pinpin, kí omi má bàa kàn án. Kì í tutù bíi fíríìjì o, àmù ìyá àgbà náà ni. Àwọn tí a kò tíì ṣí, mo fi sí fíríìjì ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ní sólà. Mo kọ orúkọ ọmọ sí i. Mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má fi sókè níbi tó ń dì, torí èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìkòkò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ti òógùn tí nọ́ọ̀sì sọ.

Àìdárúkọ
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, àwa tó ń lo oògùn HIV ńkọ́?

Apòògùn_Òkèṣà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:02 ọ̀sán

Ẹ káàbọ̀. Tiyín yàtọ̀: ti tíṣà, ọmọ ogun rẹ̀ ń jà jù, tiyín, wọ́n dín kù, oògùn sì ń dá wọn padà. Bí ẹ bá ń lo oògùn déédéé tí kòkòrò náà ti rọlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí ooru ń ṣe fún gbogbo èèyàn ló ń ṣe fún yín. Ẹ má fi ike oògùn sínú ọkọ̀ tàbí lórí fèrèsé. Bí Septrin bá wà nínú tiyín, ẹ bo awọ yín lóòrùn, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ ṣọ́ oúnjẹ. Ọbẹ̀ tí a sè lálẹ́ tí kò sí fíríìjì, ẹ má jẹ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nítorí pé kò tíì kan. Fún ẹ̀yin àti ẹni tó ń lo prednisolone, inú ṣíṣí kì í ṣe ohun kékeré.

Olùkọ́_Ado
Ọjọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ kejì, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti padà dé. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Apòògùn, ẹ ti mú mi. Ìbùpírófẹ́ẹ̀nì ni. Méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo gba ìsinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí kílíníìkì. Èyí àkọ́kọ́ tí mo dé, wọ́n ní ibà ni, wọ́n fẹ́ fún mi ní abẹ́rẹ́ láìṣe àyẹ̀wò. Mo rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, mo kúrò níbẹ̀, mo wọkọ̀ lọ bá dókítà mi. Kò sí ibà. Prótíìnì díẹ̀ wà nínú ìtọ̀, ó lè jẹ́ àmì pé nǹkan ń ṣe kíndìnrín. Ó dá ìbùpírófẹ́ẹ̀nì dúró, ó yí ìwọ̀n prednisolone padà, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tún ìtọ̀ yẹn wò. Ẹ bá mi gbàdúrà lórí rẹ̀. Hydroxychloroquine kò ṣe nǹkan kan tó burú, èmi ni mo ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan tí mo ń fò ó lọ́jọ́ kejì nítorí owó. N kò kọ ìyẹn síbí lákọ̀ọ́kọ́, ojú ń tì mí.

Ọ̀gá mi: mo ní kí dókítà kọ̀wé. Ìlà mẹ́rin péré ni, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé oòrùn ń dá àìsàn náà sílẹ̀. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú. Ó ní àbúrò ìyàwó òun kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n báyìí náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Láti ọjọ́ Ajé, abẹ́ igi máńgòrò ni gbogbo ilé ìwé ń tò sí, àdúrà kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn ọmọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní kọ̀rọ̀. Akẹtẹ̀ tí mo rà, wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Àgbẹ̀.

Ara kò tíì padà tán. Àná, mo jí tí ìka mi kò ká. Ṣùgbọ́n mo ṣí ìgò omi fúnra mi lónìí.

Onílé kọ̀ láti ṣe sílìn, ó gbà kí n kun páànù. Bọ̀dá Káfíńtà, páànù náà ti pẹ́, ó dípẹtà láwọn ibì kan. Ṣé kí wọ́n kàn kun ún bẹ́ẹ̀?

Káfíńtà_Ẹ̀fọ̀n
Ọjọ́ Sátidé, 6:45 ìrọ̀lẹ́

Rárá o. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà náà kúrò, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kó gbẹ fún ọjọ́ kan. Ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà ló ń ṣáájú, funfun ló kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì. Kí wọ́n lé ìṣó tó ti tú kí wọ́n tó kun ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjò oṣù kẹrin á bá yín wí. Àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n gun orí rẹ̀, àwọn náà ní awọ. Ẹ̀yin, ẹ má jáde wá wò wọ́n, inú ilé ni kẹ́ ẹ ti máa pariwo ohun tí ẹ fẹ́.